Èsì tí Mo Fún Nọ́ọ̀sì ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá mi dúró lọ́nà pé kí n sọ bí Ọ̀tà ṣe rí, mo ti sọ púpọ̀ fún yín. Mo sọ ti èéfín, mo sọ ti tírélà, mo sọ ti àwọn ọmọ tó ń kí àgbà lórí ìdúró. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìdajì ìrìn-àjò náà ni mo sọ fún yín. Ìdajì yòókù wà nínú mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ ń sọ ọ́ káàkiri pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Lásísì àbúrò mi ní Ọ̀tà ló pa á. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ n tún ọ̀nà náà rìn fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní fo ibi tó ń dùn mí.

SÀNGÓ

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ràbíátù, Tíṣà Ràbí, èmi kì í ṣe ẹni tí ìlú ń dẹ́rù bà. Síbẹ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Sàngó, ṣe ni mo gbá báàgì mi mọ́ àyà. Ẹ gbà mí o! Tírélà ń fun fèrè, ọlọ́kadà ń gba abẹ́ apá èèyàn kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì méjì ń wàásù lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ẹ̀rọ, ládánì ń pe ìrun lórí gbogbo ẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń jáde ní iléeṣẹ́, àwọn ti ọ̀sán ń wọlé, wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ ẹnì kejì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ta ní ọ̀fun. Mo bi ọkùnrin kan tó há akoto mọ́ abíyá pé kí ni wọ́n ń sun.

"Irin ni wọ́n ń yọ́ lọ́hùn-ún, Màmá," ó ní. "Ẹ fi ìborùn bo imú. Tó bá yá, á mọ́ yín lára."

Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Lásísì ń bá ṣiṣẹ́. Kí n sọ ti Lásísì fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì ń rá. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo fún un ní ẹ̀kọ, èmi ni mo mú un wọ ilé ìwé, èmi náà ni mo nà án. Títí tó fi gbéyàwó tó fi lọ́mọ, tí Àǹtí bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọjọ́ kan ló ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, pé ó ti ń ṣe é tipẹ́ tí kò mọ̀. Muhíbà ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí mo ṣe di ẹrù nìyẹn. Mo ní kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n tí mi ò ní í sí níbẹ̀.

ÌJÙ

Ìjù ni wọ́n ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá ẹ̀ kọjú síra wọn. Ọmọ Adó-Odò ni Muhíbà. Bó bá ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ń sọ ti ilé wọn, díẹ̀ ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi títí mo fi ní kó dìde.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí obìnrin kan fi ti yàrá òdìkejì yọ. Àlejò ni wọ́n ní ìlú náà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ìrẹsì ọ̀fadà ló gbé dání, ọbẹ̀ ayamáṣe sì wà lórí ẹ̀ tí epo rẹ̀ ń dán. Òórùn yẹn! Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Háà, ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti yó."

"Ẹ ti yó? Ó dáa, Màmá. Ẹ sinmi dáadáa o." Ló bá yí padà, ló bá gbé ìrẹsì ẹ̀ lọ.

Ẹnu yà mí. Nílé wa, ta ló ń gbé oúnjẹ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wọ́n á rọ̀ ọ́, o ó ní o ti yó. Wọ́n á tún rọ̀ ọ́, o ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá tó ní kí wọ́n bu ṣíbí méjì, wọ́n á sì bu mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọmọ yín ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ Lásísì nílé: bí wọ́n bá bi ọ́ níta pé ṣé o ti jẹun, o ti jẹun, ìfun ẹ ì báà máa kùn. Ẹ bi Lásísì... ẹ ò lè bi í mọ́. Ọjọ́ tó jẹun nílé aládùúgbò láìjẹ́ pé wọ́n rọ̀ ọ́, pàṣán mi mọ ìdí rẹ̀.

Muhíbà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, níbí o, ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni wọ́n máa gbà. Wọn ò ráyè àrọ̀wà."

Mo ní, "Wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyẹn." Ó yára lọ gbé omi ẹ̀bà ká iná fún mi.

WỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN ỌKÙNRIN

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Lásísì ti rù. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde dọ̀bálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. "Àǹtí, mo tún ti kó yín sí wàhálà," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ tó kán nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò nílé wa ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwa, bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣẹ̀yí ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin sísanra, ọlọ́yàyà, ẹlẹ́nu bí aago. Ilé ìwòsàn kì í fún èèyàn lóúnjẹ níbẹ̀. Oníkálukú ló ń gbé ti aláìsàn ẹ̀ wá látilé. Kúlà oúnjẹ tí Màmá Ṣẹ̀yí máa ń gbé wá, ó tó bọ́ ìdílé.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Lásísì ń jẹ́ Bùnmi. Ọmọbìnrin tínńrín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ó kí mi lórí ìdúró, mo ti ń múra àtibá a wí, ló bá fa àga sún mọ́ mi.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà lọ́dọ̀ bọ̀dá yìí láàárọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì yìí, tó bá ti wọ ara, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń fà wálẹ̀. Tí oúnjẹ bá wà nínú, kò sí wàhálà. Tí kò bá sí oúnjẹ, á fà á wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, èèyàn á sì dákú. Torí náà, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó gún un. Tí oúnjẹ ò bá tíì dé, ẹ sọ fún mi, màá dúró. Ìdúró ò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Ó tún ní bí mo bá rí i tó ń làágùn láìsí ooru, tó ń gbọ̀n, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, kí n pariwo pe òun, pé ṣúgà ni wọ́n máa fún un kíákíá.

"Ṣúgà kẹ̀?" mo ní. "Ẹni tí ṣúgà ń bá jà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni, Màmá. Nígbà yẹn, ṣúgà ló máa gbà á là."

Lásísì ń sùn nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí. Etí tirẹ̀ ò gbọ́ ọ. Èmi ni mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi yékéyéké, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́. Ọjọ́ méjì lọ dáadáa. Muhíbà á ti gbé fúláàsì dé ní kùtùkùtù, Bùnmi á fi abẹ́rẹ́ kékeré gún Lásísì ní ìka, á wo ẹ̀rọ, á wo fúláàsì, á gún un, Lásísì á sì jẹun. Ara rẹ̀ ti ń yá. Ó ti ń bá bàbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ KẸTA

Èmi ni mo fa ìdádúró. Muhíbà ti gbé mọ́ínmọ́ín wá lọ́jọ́ kejì, inú ọ̀rá ló sè é sí. Mo ní, "Muhíbà, ọ̀rá lo fi se oúnjẹ fún aláìsàn? Ewé eéran tán láyé ni?" Ó ní ewé ò sí nítòsí ilé wọn. Mo ní kó wá a. Ó ní, "Màá wá a, Màmá." Ọmọ tí mo bá wí kì í janpata. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Muhíbà wà ní ọjà, ó ń wá ewé.

Màmá Ṣẹ̀yí ṣí kúlà rẹ̀. Ẹ̀wà rírọ̀ àti ẹja díndín. Gbogbo wọ́ọ̀dù gba òórùn ẹ̀.

"Màmá Ṣakí, ẹ wá jẹun o! Ẹ jẹ́ n bu ti bọ̀dá náà, ó pọ̀."

"Á gba ibi ire," mo ní. "A ti jẹun. A ti yó."

Lásísì wò mí. Ó mọ̀ pé a ò tíì jẹun, èmi àtòun la jọ wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó sì kọjú sí ògiri, bí mo ṣe tọ́ ọ.

Màmá Ṣẹ̀yí ò tíì gbé ṣíbí lọ sẹ́nu tí Bùnmi fi wọlé pẹ̀lú abọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Ó gún ìka Lásísì, ó wo ẹ̀rọ, ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Màmá, mi ò rí fúláàsì yín lónìí. Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí mo wà. Màmá Ṣẹ̀yí ló jókòó yìí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé a ti yó, tó ń wo ẹnu mi. Tí mo bá ní a ò tíì jẹun, mo ti di òpùrọ́ lójú rẹ̀. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á bu ẹ̀wà fún wa, àá sì jẹ ẹ́, wọ́n á ní ebi ló ń pa àwọn ará Ṣakí tí wọ́n ń ṣe fújà. Ojú tì mí. Ojú tó tì mí yẹn, iye rẹ̀ ò ju ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta lọ.

"A ti jẹun, ọmọ mi."

"Wọ́n jẹun dáadáa?"

"Dáadáa."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Kò tún rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo ní lọ́kàn mi pé Muhíbà ti wà lójú ọ̀nà, kí ló lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀?

Muhíbà ò dé. Lásísì ní, "Àǹtí, ebi ń pa mí." Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Mo tẹ̀ sí i létí. "Ṣé o ò ní dákẹ́? Ìyàwó ẹ ń bọ̀. Má dójú tì mí níbí."

Ó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo ní ooru ni, mo fi ìborùn mi fẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Mo wà níbí, Tíṣà," bí ìgbà tí mo bá ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. Mo ní àlá ló ń lá. Ó sùn. Inú mi dùn pé ó sùn, nítorí ẹni tó ń sùn kò ní béèrè oúnjẹ. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ fẹ́ sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní kó rọra, kó má jí i. Ọlọ́run ló mọ ohun tó dí mi létí. Gbogbo ohun tí Bùnmi kà sílẹ̀ fún mi ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi, mo sì ń fi ìborùn fẹ́ ẹ.

Màmá Ṣẹ̀yí ló pariwo. "Màmá! Òógùn yìí ti pọ̀ jù! Ẹ wò ó, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti rin! Nọ́ọ̀sì o! Nọ́ọ̀sì!"

Bùnmi sáré dé. Ó pè é, kò dáhùn. Ó gbọ̀n ọ́n, orí rẹ̀ kàn ń yí. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i níṣan, Bùnmi ń pe orúkọ rẹ̀, èmi náà ń pè é, mo ń pe Ọlọ́run. Mo ní bó bá lọ, kí n bá a lọ. Nígbà tó ṣe, ó la ojú. Ó ń wo òkè ilé bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Àárín ìgbà yẹn ni Muhíbà wọlé, ó gbé mọ́ínmọ́ín eléwé tó ṣì ń gbóná dání. Ó ní, "Màmá, mo rí ewé náà o." Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

NÍDÌÍ TÁBÌLÌ

Dókítà pe èmi àti Bùnmi sí ìdí tábìlì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá, ṣé bọ̀dá yẹn jẹun kí wọ́n tó gún un? Ẹ má bẹ̀rù, a ò ní bá yín jà. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa fi mọ iye tá a máa gún un lọ́la."

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi níbẹ̀ yẹn. Mo wo ilẹ̀.

"Ó jẹ díẹ̀."

Bùnmi yíjú sí mi. "Màmá, ṣé díẹ̀ lẹ sọ fún mi?"

"Ó jẹ díẹ̀ ṣá."

Dókítà dojú kọ Bùnmi. Ó ní ojú ló yẹ kó fi rí oúnjẹ, kì í ṣe etí. Ó bá a wí títí. Ọmọ yẹn ò jà, kò bú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo dúró síbẹ̀ bí igi, mo jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ mi fọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Gbogbo ọmọ ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti kọ òwe yẹn sí ojú pátákó fún yín, mo ní kẹ́ ẹ dà á kọ. Èmi ni mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ Lásísì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, kí ló ṣe mí?"

Ó ṣetán láti gba ohunkóhun tí mo bá sọ. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn ló le jù fún ẹ."

Ó mi orí. "Mo rí i pé mò ń lọ, Àǹtí. Èmi ò gbà á mọ́."

Kò sì gbà á mọ́. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ máa lọ, Dókítà bẹ̀ ẹ́ tì. Bùnmi sáré bá wa dé ẹnu géètì. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Tí wọ́n bá ń jẹun sí i, abẹ́rẹ́ yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n pẹ́."

"Màá ṣàlàyé fún un," mo ní.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò sí i ní Ìjù. Lójoojúmọ́ ni mò ń la ẹnu, lójoojúmọ́ ni mò ń pa á dé. Mo ní lọ́la. Muhíbà ra ínsúlíìnì náà pa mọ́ sínú ẹ̀rọ amómitutù obìnrin òdìkejì, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀. Lásísì á ní, "Ṣé o gbọ́n ju Àǹtí lọ ni? Àǹtí ní ó le jù fún mi." Mo máa ń wà níbẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Mo di ẹrù mi, mo padà wá bá yín.

ṢAKÍ

Ẹ rántí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé. Mo ní abẹ́rẹ́ Ọ̀tà le, pé èmi ni mo gba àbúrò mi sílẹ̀. Ẹ kí mi kú oríire. Bí mo bá pe Lásísì lórí fóònù, á ní, "Ara mi le, Àǹtí. Ewúro ni mò ń mu." Èmi náà á ní ó dáa, kó máa mu ún. Mo sì mọ̀ pé kò dáa.

ÌGBÀ KEJÌ

Irin ló gún un lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò tètè mọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún ti kú tipiri. Nígbà tí Muhíbà fi pè mí, ẹsẹ̀ ti ń dúdú. Ẹ má bi mí bí Sàngó ṣe rí lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò gbọ́ ariwo, mi ò rí èéfín.

Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n gbé e sí. Mo fi ojú wá Bùnmi, wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò ní ẹnu láti bi wọ́n pé kí ló gbé e lọ. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, àmọ́ ṣúgà ara rẹ̀ ga débi pé àwọn ò lè ṣe iṣẹ́ abẹ kó má kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ínsúlíìnì fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú omi tí wọ́n ń fà sí i lára, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní wákàtí wákàtí. Lásísì kọ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yẹn pa òun. Muhíbà ti bẹ̀ ẹ́, ààfáà wọn ti bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan ló kù," Muhíbà ní. "Tiyín ló ń gbọ́."

Mo ní kí gbogbo wọn jáde. Mo jókòó tì í. Ara rẹ̀ gbóná, àmọ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó dá mi mọ̀ dáadáa. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní abẹ́rẹ́ náà ò le. Mo ní nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, pé ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, pé ojú Màmá Ṣẹ̀yí ló tì mí. Mo ní ebi tó o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, òun ni.

Ó yí orí sí mi.

"Oúnjẹ nìkan ni, Àǹtí?"

"Oúnjẹ nìkan ni."

"Mo rò pé ara mi ni kò gbà á ni," ó ní. "Muhíbà á máa sunkún, màá máa bú u."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo tọ́ ọ, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń sunkún. Ó na ọwọ́, ó fa ìborùn mi.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ pè wọ́n wá."

Ó wù mí kó bú mi. Kò bú mi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní wéré. Ní wákàtí wákàtí, wọ́n ń gún ìka rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń yí omi náà padà. Ṣúgà náà ń wálẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí Bùnmi ṣe sọ pé ó máa ń ṣe. Lásísì ń wo ẹ̀rọ yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń rìn. Àmọ́ oró ẹsẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọn ò tíì gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ tó fi lọ. Dókítà ní ká ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ìjù la sin ín sí kí wọ́n tó pe ìrun àṣárì.

Mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹnì kan ní àdúgbò wa ń kọ ínsúlíìnì nítorí ìtàn mi. Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ gbà á, kó máa jẹun sí i, tí nọ́ọ̀sì bá sì bi í bóyá ó ti jẹun, kó sọ òtítọ́, ojú ì báà tì í pa.

Ọjọ́ tí mo máa kúrò ní Ìjù, Muhíbà bá mi gbé báàgì dé ibi ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Màmá, ẹ ṣeun," ó ní. "Gbogbo wa la bẹ̀ ẹ́, agídí ẹ̀ ò jẹ́ kó gbọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i bá sọ̀rọ̀. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Mo ní àmín. Mo gba ọpẹ́ yẹn, mo sì wọkọ̀.

Ìwé yìí, òun ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí kó tó kàn yín. Muhíbà, ọkọ rẹ kì í ṣe alágídí. Ohun tí mo sọ fún un ló gbà gbọ́.